Eérú Tó Wọ Ọgbà Hajarat

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Bàbá Láwàlì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọgbà kékeré tó wà níwájú ilé rẹ̀ lẹ́yìn ìlú Sàngó, ó ń yẹ ewé tẹ̀tẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ewé kan tí kò ní ihò lára. Kòkòrò ti jẹ wọ́n títí wọ́n fi dà bí asẹ́.

"Mùíbá," ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń fọ abọ́ lẹ́nu ọ̀nà, "wá wo iṣẹ́ àwọn àlejò wa."

Mùíbátù nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá wò ó. "Wọ́n ti jẹ ẹ̀fọ́ yó, Bàbá. Ó ku kí wọ́n bi wá pé ẹran dà."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Hajarat, ìyàwó rẹ̀, ló dá ọgbà náà sílẹ̀. Oṣù méjì ló kù kí ó pé ọdún kan tí Hajarat ti jáde láyé. Láti ìgbà náà ni Bàbá Láwàlì, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ránṣọ, ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Ohun kan ló fẹ́: ní ọjọ́ àdúrà ọdún kan, ẹ̀fọ́ tí àwọn àlejò yóò jẹ kò gbọdọ̀ ti ọjà wá. Inú ọgbà Hajarat ni wọn yóò ti já a.

"Kí ni ìyá rẹ máa ń ṣe sí kòkòrò?" ó bi Mùíbátù.

"Eérú ni. Ní ìdájí, nígbà tí ìrì bá ṣì wà lára ewé, wọ́n á bu eérú nídìí àdògán, wọ́n á rọra gbọ̀n ọ́n sára ẹ̀fọ́."

"Eérú wá dà báyìí?"

Mùíbátù nawọ́ sí sílíńdà gáàsì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. "Ẹ bi eléyìí wò, bóyá ó ní díẹ̀."

Gbọ́ládé, aládùúgbò wọn, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti òdì kejì ògiri. Ó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì kan tó ń yọ́ irin ní ọ̀nà Ọ̀tà, ó sì fẹ́ràn Bàbá Láwàlì bí bàbá tó bí i lọ́mọ. Ó yọrí sókè.

"Bàbá Mùíbá, ṣé eérú lẹ ń wá? Eérú kún kọ́ńpìnnì wa. Ẹni tó máa bá wọn kó o ni wọ́n ń wá."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé àpò kan wọlé lórí èjìká. Eérú inú rẹ̀ kúnná ju ẹ̀lùbọ́ lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ojú ọ̀run tó ṣú. Bàbá Láwàlì fẹ́ fún un ní nǹkan, ó kọ̀.

"Ta ni mo fẹ́ gbowó eérú lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀fọ́ lẹ máa fún mi jẹ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá Láwàlì jí ṣáájú oòrùn, ó kírun, ó sì gbọ̀n eérú náà sórí ebè tó sún mọ́ ẹnu géètì. Kàfáyá, ọmọ Mùíbátù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́, tẹ̀ lé e, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá àpò náà bí ẹni ń gbá ìlù. Bàbá wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ní ọkàn rẹ̀, ó ní, "Hajarat, ó ń bọ̀ sípò."

Ní ọjọ́ kejì ni Nọ́ọ̀sì Fọláwẹwọ́ dé. Ilé ìlera àdúgbò ló ti wá, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti mọ àwọn ọmọ tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn kò tíì pé. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó kọ́kọ́ kí ọgbà kí ó tó kí ènìyàn.

"Ọgbà yìí mà gún o. Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ẹ wọlé, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin lẹ rí i pé ó gún. Àwọn kòkòrò ní ó dùn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé Kàfáyá. Ìgbà náà ló rí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Kí ló wà lọ́wọ́ ọmọ yìí?"

"Eérú lásán ni," ni Bàbá Láwàlì wí. "Òun ni mo fi ń tọ́jú ẹ̀fọ́."

"Eérú igi?"

"Eérú kọ́ńpìnnì ni. Gbọ́ládé ilé kejì ló bá mi gbé e wá."

Ojú Nọ́ọ̀sì yí padà. "Mùíbátù, jọ̀ọ́, gbé omi àti ọṣẹ wá. Wẹ ọmọ yìí láti orí dé ẹsẹ̀, kí o sì gé èékánná rẹ̀."

Bàbá Láwàlì dìde, kò yé e. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Ìyá Mùíbá fi eérú tọ́jú ọgbà yìí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò sí ẹni tó ṣe ní nǹkan kan. Eérú náà kọ́ ni eérú?"

"Bàbá, kí ni Ìyá fi máa ń dáná?"

"Igi ni."

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ni Gbọ́ládé ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, eruku ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì pè é wọlé.

"Kí ni ẹ̀ ń yọ́ ní kọ́ńpìnnì yín?"

"Irin àlòkù, mà. Àti bátìrì mọ́tò tó ti kú."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Bàbá Láwàlì, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ wò ó, Bàbá. Ohun tí iná bá jó ló máa ń wà nínú eérú rẹ̀. Eérú tí Ìyá ń lò, ọmọ igi ni. Eléyìí, ọmọ bátìrì ni. Òjé ló wà nínú bátìrì, òjé kì í sì í jóná tán. Inú eérú ló máa ń sá sí. Tó bá wọ ara ọmọdé, ọpọlọ rẹ̀ ló máa ń bá jà. Ọmọ á máa lọ sílé ìwé, ìwé ò ní máa wọ orí rẹ̀. Inú á máa run ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbẹ. Aláboyún tó bá jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, ọmọ inú rẹ̀ ti bá a jẹ nínú rẹ̀."

"Tí mo bá wá fi iyọ̀ fọ ẹ̀fọ́ náà dáadáa ńkọ́?"

"Iyọ̀ kì í lé òjé, Bàbá. Iná kì í sì í sè é kúrò nínú ọbẹ̀. Ẹ̀fọ́ á ti fi gbòǹgbò rẹ̀ mu ún."

Bàbá Láwàlì wo ebè tó wà lẹ́nu géètì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"A jẹ́ pé mo ti ba ọgbà Hajarat jẹ́," ó wí.

"Ebè kan ni ọ̀rọ̀ kàn, Bàbá. Ọgbà ṣì wà."

Gbọ́ládé kò lè gbé ojú sókè. "Èmi ni mo gbé e wá. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe."

"Oore ló wà lọ́kàn rẹ," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ṣùgbọ́n aṣọ tí o wọ̀ dé yìí ńkọ́? Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa ń gbé ọmọ rẹ tí o bá dé?"

Gbọ́ládé wo àyà aṣọ rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́ta wà nílé rẹ̀.

"Láti òní lọ, bọ́ ọ síbi iṣẹ́, wẹ̀ níbẹ̀, kí o wọ òmíràn wá sílé. Má sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ."

Ọjọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má fi ìgbálẹ̀ gbá eérú náà ní gbígbẹ, kí ó má baà fò sókè. Wọ́n fi aṣọ bo imú, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n fa gbogbo tẹ̀tẹ̀ orí ebè náà tu. Gbọ́ládé ló di ọkọ́ mú. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ òun. Ó ha erùpẹ̀ ojú ebè náà kúrò jìnnà sísàlẹ̀. Wọ́n kó o sínú àpò onílópo méjì pẹ̀lú eérú tó kù, wọ́n so ó pinpin. Wọn kò dà á sí gọ́tà, wọn kò gbé e sọ sínú igbó, wọn kò sì sun ún níná. Nọ́ọ̀sì pe àwọn òṣìṣẹ́ àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì wá gbé e.

Mùíbátù gbé Kàfáyá lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ tí èsì yóò jáde, Bàbá Láwàlì kò lè jẹun. Nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, Mùíbátù ní, "Bàbá, dókítà ní ọmọ wa wà dáadáa. A tètè mọ̀ ni." Bàbá kàn ń sọ pé, "Alihamdulilahi," ó ń tún un sọ, ó sì jókòó sílẹ̀.

Ó wá ku kòkòrò, nítorí wọn kò tíì kúrò lórí àwọn ebè yòókù.

Mùíbátù gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbẹ́sà, níbi tí Àdùkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, ti ń fi igi dáná yan gààrí. Nígbà tó sọ ohun tó bá wá, Àdùkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ̀yin ará Sàngó. Ẹ ti ń ra omi nínú ọ̀rá, ẹ ti ń ra ata tí wọ́n ti lọ̀. Ó wá kan eérú."

"Àǹtí, ẹ fún wa. A ò ní bá yín ná an."

"Jókòó kí n jọ̀ ọ́ fún ọ. Igi lásán ni mo ń dá, kì í ṣe pákó tí wọ́n kùn lọ́dà. Má dà á jù o, díẹ̀díẹ̀ ni ìyá rẹ ń lò ó. Tí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fi wọ́n ewé. Kòkòrò tó bá tọ́ ọ wò á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá, ewé tuntun tó yọ kò ní ihò mọ́. Wọ́n gbin ewúro yí ọgbà ká, ó di odi tí ewúrẹ́ kò fẹ́ fi ẹnu kàn. Wọ́n to ìkarahun ìgbín sí etí ebè kọ̀ọ̀kan. Mùíbátù gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré kan láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, kí omi tó bá ń kán sílẹ̀ lè máa ṣàn wá sídìí ẹ̀fọ́. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí Bàbá Láwàlì bá fẹ́ kírun, ọgbà náà ń mu omi.

Ebè ẹnu géètì nìkan ló kù. Wọ́n ti kó erùpẹ̀ tuntun dí i, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má ṣe gbin ohun jíjẹ síbẹ̀ mọ́.

"Ó dà bí eyín iwájú tó yọ," ni Bàbá Láwàlì wí. "Ibẹ̀ gan-an ni ojú àlejò á kọ́kọ́ bà."

"Ibẹ̀ ni kí a wá fi ṣe ẹwà," ni Mùíbátù wí.

Ó ra òdòdó lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì: pupa, funfun, àti aláwọ̀ ìyeyè kan tó ga bí ènìyàn, tó máa ń kọjú sí oòrùn. Nígbà tí ọjọ́ àdúrà pé, kò sí ẹni tó wọ géètì tí kò dúró níbẹ̀ ná.

Ìkòkò ńlá mẹ́ta ni wọ́n fi se ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ náà, inú ọgbà ni wọ́n ti já gbogbo rẹ̀. Gbọ́ládé ló ń pín in, ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun. Ó ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé eérú yẹn dé ilé mọ́.

Lẹ́yìn àdúrà, Alùfáà tó darí rẹ̀ nawọ́ sí àwọn òdòdó. "Láwàlì, ta ni ẹ gbéṣẹ́ ọgbà yìí fún?"

"Ìyàwó mi ni," ni Bàbá Láwàlì dáhùn.

Àdùkẹ́ wo Mùíbátù, tó gbé Kàfáyá sẹ́yìn, tó ń bu omi sídìí òdòdó.

"Wọn ò purọ́," ni Àdùkẹ́ wí. "Iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rọ́pò."

"Òótọ́ ni," ni Bàbá Láwàlì wí, "ṣùgbọ́n kí a máa bèèrè iná tó bí eérú náà o."

Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín tirẹ̀ ló pẹ́ jù lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ ní Ọ̀tà àti Sàngó, ọgbà iwájú ilé dára. Ẹ dá a, ẹ ṣe é lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba eérú, eruku, erùpẹ̀ tàbí kẹ́ẹ̀gì kẹ́míkà àlòkù láti kọ́ńpìnnì wá sídìí ohun jíjẹ, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́. Eérú igi tí a kò kùn lọ́dà, díẹ̀díẹ̀, tó. Omi dóńgóyárò àti ọṣẹ tó. Bí eérú kọ́ńpìnnì bá ti wọlé, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín, ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ dì í pinpin, kí ẹ sì pe ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ gbé ọmọ tó bá fi ọwọ́ kàn án lọ sí ilé ìlera, kódà bí kò bá ṣàìsàn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin tàbí bátìrì, kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ síbẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ rẹ̀.

Ibi tó bá sì ti bà jẹ́ nínú ọgbà yín, ẹ má pa á tì. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ gbin òdòdó síbẹ̀.