Àpá Tó Wà ní Ẹ̀gbẹ́ Shakiru

Ràfátù ti rin ẹ̀gẹ́ tán láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó ti dì í sínú àpò, ó sì ti gbé òkúta lé e, kí Hidayah, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó jáde pẹ̀lú káàdì aboyún lọ́wọ́. Oyún oṣù méje ni. Ọyẹ́ ti dé Àrán-Ọ̀rin, eruku pupa sì ti bo ewé káṣú etí ọ̀nà títí dé Ọ̀mù-Àrán, bó ti máa ń bò ó láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

"Màmá, ẹ jókòó, mo lè dá lọ."

"Kí n jókòó kí n máa wo àpò gààrí? Bọ́ sínú kẹ̀kẹ́, jàre."

Ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Mary ń bèèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dé orí ìbéèrè kan: "Nínú ẹbí yín, tàbí ti ọkọ yín, ṣé wọ́n bí ẹnikẹ́ni pẹ̀lú àléébù kíndìnrín?"

Hidayah ṣì ń ronú nígbà tí Ràfátù gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Kò sí o! Ìdílé wa mọ́ tónítóní."

"Àlàájà, ṣé ẹ̀yin lẹ lóyún ni?"

Gbogbo aboyún tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ràfátù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n irọ́ ló pa. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Shakiru, ọkọ Hidayah, nígbà tí wọ́n yọ kíndìnrín rẹ̀ kan ní Ìlọrin. Láti inú oyún ni ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà kúrò nínú rẹ̀ kò ti là dáadáa. Ràfátù àti bàbá ọmọ náà nìkan ló mọ̀, bàbá sì ti kú. Ó sọ fún Shakiru pé orí igi igbá ló ti jábọ́ tó fi ní àpá ní ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí àwọn òbí Hidayah wá ṣe ìwádìí kí wọ́n tó fi ọmọ fún wọn, ohun tó sọ náà nìyẹn: ìdílé wa mọ́.

Wọ́n fi ẹ̀rọ síkáànù wo inú Hidayah. Ọ̀kan nínú kíndìnrín ọmọ inú rẹ̀ wú.

"Ṣé nǹkan tí mo jẹ ni?" Hidayah bèèrè.

"Rárá," ni Nọ́ọ̀sì Mary wí. "Nígbà mìíràn, a kì í mọ ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò tọ́jú kó tó lóyún, ó lè fà á. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ń ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Ìdí nìyẹn tí aboyún ò fi gbọdọ̀ yá oògùn ẹlòmíràn lò. Ọtí náà ò dára. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ká ní ó wà nínú ẹbí yín ni, Ìlọrin ni mi ò bá ní kí ẹ lọ bímọ sí, kí wọ́n yẹ ọmọ wò lójú ẹsẹ̀. Ṣé kò sí lóòótọ́?"

Ràfátù tú ìborùn rẹ̀, ó tún un wé. "Kò sí."

"Ó dáa. Bí ẹ bá bímọ, ẹ gbé e wá kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má ra oògùn ibà. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà, ká yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò."

Wọ́n bí Fáìsàlì. Ní ọjọ́ kẹfà, Hidayah fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n Ràfátù kò gbà.

"Nínú ọyẹ́ yìí? Ọmọ tó ń mu ọmú bí ẹni ń mu fùrá! Ìtọ̀ rẹ̀ ta sí mi lójú láàárọ̀ yìí, o ní kò lè tọ̀?"

Hidayah rẹ́rìn-ín, ó jókòó.

Nígbà tí ọmọ pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, ara rẹ̀ gbóná. Ràfátù ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì. Ní ọjọ́ kẹta, Fáìsàlì kọ ọmú, ó ń bì, ìtélèdí rẹ̀ sì gbẹ. Shakiru sáré dé láti ibi tó ti ń la pákó. Ìlọrin ni wọ́n gbé ọmọ gbà.

Dókítà ibẹ̀ tún bèèrè ìbéèrè kan náà. Ràfátù wo abẹ́rẹ́ omi tí wọ́n gún sí orí ọmọ náà. Ó dìde, ó ká ẹ̀wù Shakiru sókè.

"Kò jábọ́ lórí igi kankan," ló wí. "Kíndìnrín ni wọ́n yọ níbẹ̀."

Shakiru fọwọ́ kan àpá náà. "Màmá, láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rù igi gígùn."

Wọ́n gba ẹ̀mí Fáìsàlì là. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn ti ba kíndìnrín tó wú náà jẹ́. Kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, ó ṣeé ṣe kí àwọn dá a sí. Wọ́n yẹ Shakiru náà wò: kíndìnrín kan ṣoṣo tó kù fún un kò lágbára mọ́. Alaalẹ́ ló ń lo oògùn ara ríro nítorí iṣẹ́ pákó, oògùn náà sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ta ló sọ fún un pé kò yẹ kó lò ó?

"Màmá," ni Hidayah wí, "ẹ ò bá sọ fún mi. Mi ò ní tìtorí ẹ̀ kọ Shakiru."

Nígbà tí Hafeezat, ọmọ Ràfátù obìnrin, lóyún ní Òrò, Ràfátù lọ bá a ní ilé ìwòsàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Nọ́ọ̀sì kò tíì bèèrè ọ̀rọ̀ kíndìnrín dé ìdajì.

"Ó wà," Ràfátù dá a lóhùn. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Ìyá ọkọ Hafeezat tó jókòó tì wọ́n yíjú wò ó. Ràfátù kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, àléébù tí wọ́n bí mọ́ ọmọ kì í ṣe ẹ̀gàn ìdílé. Ẹ tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà kí ẹ tó lóyún, ẹ fi gbogbo oògùn tí ẹ ń lò han nọ́ọ̀sì, ẹ sì bi àwọn àgbà ilé yín léèrè. Bí ẹ̀yin bá sì ni àgbà náà, tí àpá sì wà lára ọmọ yín, ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún un bó ṣe rí.