Fàdákà Tí Nùúdán Nù Dán

Ìka ọwọ́ ni ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Dígí kọ́kọ́ rí, kì í ṣe ojú. Ìka náà tóbi bí òpó ilé. Ó rọra wọ abẹ́ dígí kékeré tí ọmọkùnrin náà fi ń wo owó fàdákà, dígí tó lè sọ kòkòrò di erin. Dígí tẹ̀lé ìka náà lọ sókè láì yọ dígí lójú. Ó rí ihò imú méjì tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gba inú wọn kọjá láì fọn fèrè, ó rí ẹyinjú kan tó fẹ̀ bí adágún odò, lẹ́yìn náà ni eyín funfun yọ. Ó ké "Yéè!" Ni dígí ojú rẹ̀ bá bọ́, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì.

Nígbà tó gbójú sókè, ọmọbìnrin kan ló rí. Kò tóbi ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn tóbi lọ, ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ kọjá ti ènìyàn.

"Ṣé bí ẹ ṣe ń kí oníbàárà níbí nìyẹn?"

"Ẹ má bínú. Mo rò pé òkè ló ń wó bọ̀."

"Èmi ni òkè?"

"Òkè tó dára ni."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Ó gbé owó fàdákà àtijọ́ kan kalẹ̀, ó ní bàbá òun fẹ́ mọ ipò tó wà kó tó mọ ohun tó máa fi í ṣe.

Iṣẹ́ ilé náà nìyẹn. Bàbá Dígí ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Olówó-Àtijọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni owó tó ní ti gbó kọjá èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi ra iyọ̀. Bí ó bá ju owó fàdákà sórí pákó tó dún gbọ̀ọ̀n, wọ́n ní ó lè sọ iye ẹni tó ti na ọjà pẹ̀lú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ahun nínú wọn. Ọmọ rẹ̀ ló ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó o ti mú un, má fọwọ́ kan ojú rẹ̀," Dígí ní. Ó ti gbàgbé "ẹ" pátápátá. "Ibi tó bá yọ sókè jù ló kọ́kọ́ máa ń jẹ. Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba yìí. Wo irun rẹ̀."

"Irun dà?"

"Ọwọ́ ènìyàn ti jẹ ẹ́. Gbogbo ẹni tó ná an ló bù díẹ̀ lọ."

"Háà! Ọba yìí mà jìyà o. Ipò wo ló wà báyìí?"

Dígí wú bí àkàrà nínú epo. "Ọmọ Tuntun ni èyí tí ọjà ò fojú kàn rí. Géńdé ni èyí tó rí ọjà ṣùgbọ́n tí ọjà ò rí i mú. Àgbà tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà Arúgbó, èyí tí ọba ò ní imú mọ́, bíi tìẹ yìí."

Ìkarùn-ún wà, òun ló sì burú jù. Ẹnu Dígí ti là láti sọ ọ́ nígbà tí ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ bá já sínú ọ̀fun rẹ̀ bí òkúta sínú kànga. Ẹ jẹ́ kí èmi bá a sọ ọ́: Òkú Ọ̀ṣọ́ ni, owó tí ẹnì kan ti nù dán. Lójú àwọn olùyẹ̀wò owó, dúdú ara fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí. Aṣọ àgbà ni. Ẹni tó bá bọ́ ọ ti tú àgbà sí ìhòòhò.

Ọmọbìnrin náà kò gbọ́ èyí. Bẹ́ẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ fàdákà ni! Nùúdán ni ìnagijẹ rẹ̀ nílé, torí kò lè rí ohun tó ṣú kó má nù ún. Bí bàbá rẹ̀ bá tòògbé pẹ́nrẹ́n, yóò ti nu orí pípá rẹ̀ títí tí àwọn ẹyẹ ojú ọ̀run yóò fi máa dijú.

Láti ọjọ́ náà, fàdákà Nùúdán kò tán. Lónìí ó gbé ṣíbí wá, lọ́la ó gbé bọ́tìnì wá.

"Bọ́tìnì ò ní ipò," Dígí ní.

"Èmi ńkọ́? Mo ní ipò?"

"Jẹ́ kí n fi dígí wò ó."

"Gbé ojú kúrò ńbẹ̀, jàre!"

Nígbà tí Dígí sọ nílé pé òun fẹ́ fẹ́ Nùúdán, bàbá rẹ̀ fò sókè. "Ọmọ alágbẹ̀dẹ? Apọbadà ni wọ́n! Wọ́n ń yọ́ ọba orí owó nínú iná!" Ìyá Dígí ló bẹ̀ ẹ́ títí ó fi ní kí ọmọ náà wá kí àwọn.

Nùúdán wá. Bàbá ṣí àpótí onígi kan, ó gbé owó kan jáde bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Ọba Onírùngbọ̀n ni orúkọ tó sọ ọ́. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ń kọ mọ̀nà bí ọrùn ẹyẹlé. Ìyàwó rẹ̀ ló fún un nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà, kò sì sí olùyẹ̀wò tí kò tíì fi yangàn sí.

"Ọmọ Tuntun ni," ó ní. "Wò ó dáadáa, kó o sọ ohun tó o rí fún mi."

Ìyá Dígí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín obìnrin yìí, kò sí méjì rẹ̀ láyé. Yóò bẹ̀rẹ̀ bí adìẹ tó yé ẹyin, yóò dún láàárín bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, yóò sì parí sí sísín. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ mí ná," ó ní, "hàtíṣìn!"

Bí ó ti sín báyìí ni páìpù omi bẹ́ ní kíṣìnnì. Gbogbo wọn sáré lọ, ó ku Nùúdán àti ọba.

Nùúdán wo owó náà. Ohun tó rí ni dúdú. "Ṣé ẹ rí àwọn èèyàn yìí?" ó rò lọ́kàn. "Wọ́n mọ̀ pé ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, wọ́n gbé ìdọ̀tí fún mi kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo kọ́ṣẹ́." Ẹfun lílọ̀ àti àkísà rẹ̀ kì í kúrò nínú báàgì. Kí wọ́n tó dí ojú páìpù, owó náà ti ń kọ mànàmáná.

"Mo ti rí i o, Bàbá," ó ní tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ìdọ̀tí ni. Mo ti bá yín yanjú ẹ̀."

Bàbá ké igbe kan tí aago ara ògiri fi fo wákàtí kan. "Ẹni tó ba owó yìí jẹ́ kò ní sùn nínú ilé mi láéláé! Mo ti búra!" Ìbúra rẹ̀ sì dà bí ìṣó nínú pákó ìrókò. Nùúdán sunkún dé ilé. Dígí tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, ojú ń tì í, torí òun ló gbé ìkarùn-ún mì.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ní kí Dígí fi Ọba Onírùngbọ̀n sínú àwo àwọn Òkú Ọ̀ṣọ́. Dígí gbé e, ṣùgbọ́n ó ní kí òun wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Lókè orí ọba, ní ẹ̀gbẹ́ owó náà gan-an, ó rí ìlà kan tó tín-ín-rín ju irun orí èèrà lọ. Fàdákà tó wà nínú ìlà náà funfun ju ti yòókù. Kí lèyí? Ọ̀rọ̀ náà ń yún un nínú bí èèyàn jẹ werepè. Ó fi owó náà sápò, ó ki ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀nà, ó di ilé alágbẹ̀dẹ.

Nùúdán ń nu ìkòkò kan tó ti dán tẹ́lẹ̀. "Kí lo wá ṣe? Àbí bàbá ẹ ní kó o wá bú mi kún un?"

"Olólùfẹ́ mi, bínú lọ́la. Wo ibí yìí fún mi."

Ó fẹ́ yájú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ìlà náà. "Wọ́n ti fi iná jó etí mọ́ ọn rí ni." Etí ni wọ́n ń pe òrùka kékeré tí wọ́n ń ki okùn ọrùn bọ̀. "Ẹnì kan ti fi ọba yìí kọ́ ọrùn, wọ́n wá yọ etí rẹ̀, wọ́n dí ojú ibẹ̀. Bàbá! Ẹ wá wò ó!"

Alágbẹ̀dẹ gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí! Ẹnu iṣẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Mo tún kọ́ ọmọbìnrin tó gbé e wá bó ṣe máa sé e mọ́ inú agolo pẹ̀lú ẹyin sísè gbígbóná, kó lè dúdú padà."

"Ta ni ọmọbìnrin náà, sà?" Dígí bi í.

"Mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ̀rín ẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé." Alágbẹ̀dẹ ká ètè, ó ṣe bí adìẹ, ó ṣe bí ilẹ̀kùn, ó wá sín: "Hàtíṣìn!"

Dígí mọ ẹ̀rín náà.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ bá Olówó-Àtijọ́ nílé. Bàbá Dígí rí ìlà náà. "Ta ló ṣe èyí?" Dígí wolẹ̀, torí ta ló máa na ìka sí ìyá rẹ̀? Alágbẹ̀dẹ wo òkè àjà.

Ìyá Dígí wo alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ wò ó. Ni adìẹ bá ké, ilẹ̀kùn dún, "hàtíṣìn!"

"Èmi ni," ó ní. "Ọrùn mi ló wà. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá kí mi, ẹ ní ẹni tó bá jó etí mọ́ owó, ẹgba ló tọ́ sí i. Owó yẹn wà láyà mi lábẹ́ aṣọ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́! Mo sáré lọ yọ etí rẹ̀, mo gbé e fún yín."

"Báwo ni mi ò ṣe rí i látọjọ́ yìí?"

"Ọjọ́ tí mo gbé e fún yín, ṣé owó lẹ wò ni? Èmi lẹ ń wò."

"Mo ti búra o," Bàbá ní jẹ́jẹ́.

"Ẹ búra pé ẹni tó ba owó yìí jẹ́ kò ní sùn nínú ilé yín. Èmi ni mo kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ṣé kí n máa di ẹrù mi, àbí kí ọmọ yìí wọlé?"

Bàbá Olówó-Àtijọ́ fi dígí sójú. Kò wo owó. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ipò wo lẹ fi mí sí?" obìnrin náà bi í.

"Ọmọ Tuntun," ó ní. Ó yíjú sí Nùúdán. "Ìwọ, kí lò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣe bí àlejò?"

Alágbẹ̀dẹ jó etí padà sórí Ọba Onírùngbọ̀n, ọrùn Nùúdán ló sì wà lọ́jọ́ tó di ìyàwó Dígí. Ó dán tí gbogbo àwọn tó wá wò wọ́n fi ń fọwọ́ bo ojú. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, tó ń wọ aṣọ àgbà rẹ̀ padà. Nígbà mìíràn, ọwọ́ Nùúdán á máa yún un kíkankíkan, á wá àkísà rẹ̀ kàn, á wo ọba títí. Orí ọkọ rẹ̀ ló máa ń nù.