Ike Jíìpù Tó Bọ́ Sínú Àwọ̀n

"Kíákíá, ṣé o ti nu gíláàsì yẹn?"

"Ó mọ́ fóó, Bàbá! Eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú, á kán lẹ́sẹ̀."

Ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré ni bàbá Kíákíá ti ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Ọmọbìnrin rẹ̀ yìí ti fọ táyà níbẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Lónìí ló rí iṣẹ́ gidi gbà: kó lẹ ike dúdú gbọọrọ mọ́ òkè gíláàsì ẹ̀yìn jíìpù Nọ́ọ̀sì Àgbà, kí ike náà máa darí afẹ́fẹ́, kí eruku má baà bo gíláàsì.

"Bó bá dáa, o bọ́ lọ́wọ́ táyà fífọ̀ nìyẹn," ni bàbá rẹ̀ wí. "Bí ò bá dáa, búrọ́ọ̀ṣì rẹ ń dúró dè ọ́. Ṣí ọ̀rá pupa tó bo gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ tán pátá kó o tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn o!"

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Bàbá yí ẹ̀yìn padà. Kíákíá ṣí ọ̀rá náà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ó ku àárín. Ni Fèrè, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá ké láti pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù:

"Kíákíá! A ò rẹ́ni ṣọ́lé fún wa! Àbí o ti di ìyàwó jíìpù ni?"

Ara Kíákíá ò gbà á mọ́. "Ta ló máa tú ike wò?" Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ó ki eré mọ́lẹ̀. Ó dé pápá tán kí òjìji rẹ̀ tó bá a.

Kò pẹ́ tí Nọ́ọ̀sì Àgbà fi dé. Òun àti Bàbá wọ jíìpù láti dán an wò. Bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀bá pápá kọjá, afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ ike. Fìrì! Ó ṣí kúrò, ó ń pòòyì lókè bí àwòdì tó mutí yó, ó fò kọjá lórí Kíákíá, ó bọ́ sínú àwọ̀n gbàà!

"Góòòòlù!" ni Fèrè ké. Ẹ̀rín tí wọ́n rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó òpó. Kíákíá nìkan ni ò rẹ́rìn-ín, torí jíìpù ti dúró.

"Ta ló bá mi lẹ ìyẹ́ mọ́ ọkọ̀?" ni Nọ́ọ̀sì Àgbà béèrè.

Fèrè rọra sọ sí Kíákíá létí: "Sọ pé ike ayédèrú ni."

Kíákíá wo ike náà. Ọ̀rá pupa yọ láàárín rẹ̀ bí ahọ́n tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé e lọ bá wọn, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. Bàbá, ike ò ṣẹ̀. Ìkánjú mi ni. Mi ò ṣí ọ̀rá rẹ̀ tán."

Bàbá gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Táyà ńkọ́?"

"Màá fọ̀ wọ́n, Bàbá."

"Wàá fọ̀ wọ́n dáadáa! Ti jíìpù yìí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, wàá tún ike yìí lẹ̀ lójú mi. Ẹni tó mọ ibi tí iṣẹ́ òun ti bà jẹ́, tó sì lè sọ ọ́, ó ti ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn."

"Ẹ má kánjú," ni Nọ́ọ̀sì Àgbà wí, ó fa àga kan, ó jókòó. "Ẹ jẹ́ n wo bọ́ọ̀lù. Góòlù yẹn dùn mọ́ mi."

Ìgbà tí Kíákíá tún un lẹ̀, bí erin bá fa ike yẹn, jíìpù ni yóò tẹ̀ lé erin.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, iṣẹ́ tẹ́ ẹ rò pé ẹnikẹ́ni ò ní tú wò, òun gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe dójú àmì. Bí èèyàn ò bá tú u wò, afẹ́fẹ́ á tú u wò. Ṣebí ìgbà tó bá fẹ́ là ń rí fùrọ̀ adìyẹ!