Ẹyẹ Kan Tó Ń Fò Padà

Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, yìnyín wà ní etí fìlà rẹ̀, ó sì gbá páálí ńlá kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Lorene Schrag ní kó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní òun ti gbọ́, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gbé e kalẹ̀.

“Ẹ wọlé kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé,” ni Màmá Elda wí, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. “Páálí yẹn ò ní fò lọ.”

Ọjọ́bọ̀ ni. Obìnrin méje ló jókòó yí férémù igi tí wọ́n na aṣọ sí ká, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kálukú. Bí ẹnikẹ́ni ní apá Kansas tiwọn yẹn bá bẹ̀rẹ̀ kúbùsù alábùlẹ̀ tí kò lè parí rẹ̀, bóyá ikú ló dé, bóyá ojú ló di bàìbàì, bóyá iṣẹ́ náà kàn sú u ni, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé e wá. Wọ́n á parí rẹ̀, wọ́n á sì fi ta ẹni tí òtútù ń pa lọ́rẹ.

Lorene ni olórí wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, kò lọ́kọ rí, ojú rẹ̀ sì mú débi pé ó lè dúró ní òdìkejì yàrá kó rí ibi tí ẹnì kan ti rán aṣọ wọ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní kékeré, bí ó bá rán nǹkan tí kò gún, ìyá rẹ̀ á ní kó tú u, kó tún un rán, nígbà mìíràn títí dé ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọkùnrin kan wá kọnu ìfẹ́ sí i, Lorene sì sọ fún un pé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ wọ́. Ọkùnrin náà kò padà wá mọ́.

“Kí ló wà nínú páálí yẹn?” ni Lorene bi àlejò náà.

“Ìyàwó mi ló ni ín. Arvilla. Ó di ọdún méjì tó ti lọ. Ó ní kí n kó o wá fún yín, mo kàn ń sọ pé lọ́la, lọ́la ni.”

“Kò sí èyí tó pẹ́ jù lọ́dọ̀ wa. Ẹ jókòó.”

Willis Goering lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ tó ń gbin àlìkámà ní ìhà àríwá ìlú. Àṣà àwọn obìnrin Ọjọ́bọ̀ ni pé ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá gbọ́dọ̀ jókòó mu kọfí, kó sọ irú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún wọn, kí ọwọ́ wọn lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Willis gbé páálí lé orúnkún, ó sọ̀rọ̀. Ó ní olùkọ́ ni Arvilla, pé orin kì í dùn lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ kì í yé kọrin, pé bó bá ń pa àwàdà, ẹ̀rín ti ń pa òun fúnra rẹ̀ kó tó parí rẹ̀. Lorene kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí kọfí tán ni Willis tó gbé páálí náà kalẹ̀.

Ohun kan wà tí kò sọ. Nínú páálí náà ni ojú kúbùsù kan wà, àbùlẹ̀ méjìlélógójì, ẹyẹ mẹ́ta-mẹ́ta lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ń rékọjá lókè oko nígbà ìrúwé, tí gbogbo wọn kọjú sí òkè. Ní oṣù tí Arvilla kú, ọwọ́ rẹ̀ kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́, Willis ló sì bá a rán àbùlẹ̀ tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ilé ìwòsàn. Ọwọ́ tó lè tú ẹ̀yà katakata kó sì tò ó padà, abẹ́rẹ́ gún un bí ẹni ń gún un fún ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tó rán an tán, ìdoríkodò ló rán an mọ́ àwọn yòókù. Ẹyẹ mẹ́ta ń fò wá sísàlẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ wọn ń lọ sókè. Ó fẹ́ tú u. Arvilla rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, “Má tú u. Òun ni n ó fi máa dá ẹ mọ̀.”

Báwo ni ọkùnrin á ṣe sọ èyí fún obìnrin méje tí kò mọ̀ rí? Ó gbé e mì.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì ó padà wá, ó ní páálí òun tó ti ṣófo lòun wá gbà. Ó bá Màmá Elda níbi tó ti ń wá ihò abẹ́rẹ́, tó yọ ahọ́n síta, tí òwú ń yà lọ sọ́tùn-ún sósì. Willis gba abẹ́rẹ́ náà, ó ki òwú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kọ́kọ́ dé. Á ki òwú bọ ogún abẹ́rẹ́, á sì gún wọn sórí aṣọ kan ní ìlà kí àwọn obìnrin tó dé.

“Willis, ṣé àlìkámà ò hù mọ́ ni,” ni Màmá Elda bi í, “tó fi jẹ́ abẹ́rẹ́ lo wá ń gbìn?”

“Abẹ́ yìnyín ló wà, Màmá. Kò nílò mi báyìí.”

“Ẹni tó nílò ẹ wà ńbí.” Màmá Elda kò wo ẹnikẹ́ni nígbà tó sọ ọ́. Àwọn márùn-ún yòókù ni wọ́n wo Lorene.

Lorene ti yẹ àwọn abẹ́rẹ́ náà wò. Gbogbo òwú wọn ló gùn bákan náà, ìdíwọ̀n ọwọ́ kan, kò gùn jù, kò kúrú. Ó wá àléébù títí, kò rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan búrẹ́dì kékeré olórí méjì tí ìyá rẹ̀ máa ń yan, ó ní gbogbo ẹgbẹ́ lòun yan án fún. Ẹgbẹ́ mọ ẹni tó yan án fún. Lọ́jọ́ kan, Willis bá a ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ tó ń fi ìbọ̀wọ́ nu ibi tí kò dọ̀tí mọ́.

“Lorene,” ó ní, “mo máa ń dúpẹ́ fún Ọjọ́bọ̀.”

Lorene mi orí, ó wọnú ọkọ̀. Ó wa ọkọ̀ délé, ó ń kọrin, ayọ̀ ń mú un bí ọmọdé.

Nítorí náà ló ṣe gbé iṣẹ́ Arvilla lọ sílé, pé òun fúnra òun ni òun á bójú tó o, kó lè dára ju gbogbo èyí tí òun ti ṣe rí lọ. Ó tẹ́ ẹ síwájú fèrèsé, ó sì rí ẹyẹ mẹ́ta tí ń fò sísàlẹ̀. Àánú ṣe é. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àìsàn ló mú obìnrin náà ṣì í rán, pé ẹ̀yẹ ló jẹ́ fún un bí òun bá bá a tún un ṣe. Ó tú u, ó yí i, ó sì rán an padà débi pé ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèje tẹ òwú sí i nínú, tí wọ́n fi ọwọ́ rán an já. Lorene rán orúkọ sẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe: Arvilla Goering ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin Ọjọ́bọ̀ ló parí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n ń gbàdúrà sórí àwọn kúbùsù kí wọ́n tó kó wọn lọ, wọ́n fi wọ́n bo ẹ̀yìn àga ṣọ́ọ̀ṣì látòkè délẹ̀. Olúṣọ́ àgùntàn ka orúkọ àwọn tó máa gbà wọ́n. Ti Arvilla, Rosalba ló ni ín, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìpa-màlúù, tí iná jó ilé mọ́ òun àti ọmọ rẹ̀ lórí lóṣù tó kọjá. Nígbà tí ìsìn parí, Willis lọ tààrà síbi kúbùsù náà, ó gbé ọwọ́ lé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ó sún ọwọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Lorene wá bá a pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Ẹ ń wá nǹkan ni?”

“Èyí tó ń fò sísàlẹ̀.”

“Àṣé ẹ ti rí i tẹ́lẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ mọ́.”

Willis mú ọwọ́ kúrò lára aṣọ náà. “Èmi ni mo rán an,” ó ní. “Ó ní kí n má tú u.”

Kò pariwo. Ó dé fìlà rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí ọkùnrin kankan kì í ṣe níbẹ̀, ó sì jáde. Lorene ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun tó ti tún ṣe.

Wọ́n gbé kúbùsù náà fún Rosalba lọ́jọ́ Ajé, nítorí wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Ní Ọjọ́bọ̀, kò sí abẹ́rẹ́ kan lórí aṣọ. Lorene jókòó sídìí férémù, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá Elda, ó ní òun fẹ́ràn ọkùnrin náà, òun sì ti ba ohun kan ṣoṣo tó kù fún un jẹ́.

“Wàhálà ẹ ni pé o kì í jẹ́ kí àṣìṣe pẹ́ níwájú ẹ, kó ráyè sọ ohun tó jẹ́ fún ẹ,” ni Màmá Elda wí. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fún un. “Ohun tó o rán, ṣé o ò lè tú u ni? Àbí ti ẹlòmíì nìkan lo mọ̀ ọ́n tú?”

Lorene lọ bá Rosalba ní yàrá méjì tí wọ́n gbà sórí ṣọ́ọ̀bù kan, ó sì jẹ́wọ́. Rosalba tẹ́tí gbọ́ ọ tán, ó ní òun kọ́ ló ni kúbùsù náà mọ́, Itzel ọmọ òun ló ni ín. Itzel, ọmọ ọdún mẹ́fà, fi í bora títí dé ọrùn lọ́sàn-án gangan. Ó ní òun lè yá wọn, ṣùgbọ́n òun á gba ìdógò. Ó nawọ́ sí irin kékeré tí Lorene máa ń fi bo ìka nígbà ìránṣọ, èyí tí ìyá rẹ̀ fún un, tí kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lorene bọ́ ọ, ó fún un.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi tú ohun tí obìnrin méje rán ní igun náà, díẹ̀díẹ̀, kí aṣọ má bàa ya. Ní ọjọ́ karùn-ún ó wa ọkọ̀ lọ sí oko Willis. Yìnyín ti ń yọ́, ewé àlìkámà ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Willis ṣí ilẹ̀kùn, Lorene sì kọjá lára rẹ̀ lọ tẹ́ kúbùsù náà sórí tábìlì ìdáná. Ihò onígun mẹ́rin kan wà lára rẹ̀ tí òwú inú rẹ̀ ń yọjú, àbùlẹ̀ ẹlẹ́yẹ mẹ́ta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí,” ó ní. “Mo lè rán an padà, ṣùgbọ́n yóò gún régé. Ọwọ́ tó kọ́kọ́ rán an ló yẹ kó rán an.”

Willis wo ihò náà, ó wo àwọn ìka Lorene tí abẹ́rẹ́ ti gún káàkiri. Ó fa àga, ó jókòó. Lorene ló ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ yẹn, òun ló gbé e fún un. Willis dorí àwọn ẹyẹ náà kodò, ó rán an títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, ojú rírán rẹ̀ tóbi bí hóró ìrẹsì, kò sì sí méjì tó dọ́gba. Lorene fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn, kí wọ́n má lọ ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí òwú parí, Willis gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwọn ẹyẹ náà, ó sunkún. Lorene jẹ́ kó sun ún tó.

“Mo dúpẹ́,” ni Willis wí nígbẹ̀yìn. “Mo rò pé ó ti lọ pátápátá.”

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbé e padà. Itzel tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó rá lórí rẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n má bàa rẹ́ ẹ jẹ. Ó fi ìka tọ́ka.

“Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, ibo ni wọ́n ń lọ?”

Lorene yíjú sí Willis. Willis ló dáhùn. “Wọ́n ń padà lọ mú ẹni tó ṣẹ́kù sẹ́yìn.”

Ìdáhùn náà tẹ́ Itzel lọ́rùn. Ó yọ ìdógò rẹ̀ lápò, ó fi lé Willis lọ́wọ́ nítorí òun ló sún mọ́ ọn. Rosalba dúpẹ́ títí, ó di tamale gbígbóná, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n fi ewé dì, fún wọn, ó ní láti ìgbà tí iná ti jó àwọn, ìsinsìnyí ni ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn mọ́jú.

Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, Willis dúró. Irin ìka náà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì ń wò ó.

“Lorene, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan. Ní Ọjọ́bọ̀, ṣé ẹ máa ń gba ọkùnrin tí wọn ò tíì parí? Arvilla ló bẹ̀rẹ̀ mi. Ó ṣe é dáadáa, àmọ́ kò rójú parí ẹ̀.”

Ojú Lorene kún fún omi, ẹ̀rín sì ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “A máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n a kì í dá a padà.”

“N ò ní bèèrè ẹ̀.”

“Willis.” Ó na ìka rẹ̀ sí i. “N ò ní tú ohun tí Arvilla rán.”

Willis fi irin náà bọ̀ ọ́ níka.

Lẹ́yìn ìkórè àlìkámà ni wọ́n ṣègbéyàwó, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà. Wọ́n gbé férémù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, páì àti kọfí sì kún orí tábìlì. Itzel wà níbẹ̀ pẹ̀lú kúbùsù rẹ̀ léjìká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ń mú. Àwọn obìnrin Ọjọ́bọ̀ tẹ́ ẹ̀bùn tiwọn síwájú ìyàwó, kúbùsù tuntun, ẹyẹ púpọ̀ lára rẹ̀ tí gbogbo wọn ń fò lọ sókè.

Lorene rí i lójú ẹsẹ̀. Ní igun kan, ẹyẹ kan kọjú sísàlẹ̀. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó wo Màmá Elda, Màmá Elda sì ń mu kọfí, ó ń wo òkè àjà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Lorene ká kúbùsù náà bó ṣe wà, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.