Ohùn Ìyá Wà Nínú Fláàṣì

Àrìnkẹ́ ò fẹ́ ohun méjì lọ́jọ́ ìrántí ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ódòde, Ìdànrè. Ó fẹ́ kí ìjọ gbọ́ ohùn màmá, ẹni tó ń lé orin fún wọn kó tó sùn nínú Olúwa. Inú fláàṣì kan ṣoṣo, ìyẹn igi kékeré tí wọ́n ń kó orin pamọ́ sí, ni orin tí màmá kọ sílẹ̀ wà, kò sí òmíràn.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n ki fláàṣì náà bọ fóònù, fóònù kọ̀ jálẹ̀, kò ṣí orin náà.

Àrìnkẹ́ gbààwẹ̀. Kò tán síbẹ̀ o, ó tún bu omi ìyàsímímọ́ wọ́n fláàṣì! Olúlékè ọkọ rẹ̀ sáré fi ẹ̀wù nù ún.

"Ìyá Tijésùnimí, ṣé ẹ̀mí èṣù ló ń bá fláàṣì jà ni? Fáìlì tí orin yẹn wà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́. Jẹ́ n pa á rẹ́, kí n kó orin tuntun sí i."

"Ẹ ò ní pa màmá mi lẹ́ẹ̀kejì!" Omi lé ròrò sójú Àrìnkẹ́.

Àánú ṣe Olúlékè. Ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n sì jọ gbé fláàṣì náà lọ bá Tósìn, ọmọ àbúrò Olúlékè tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà l'Áládé.

Tósìn wò ó. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì, kò bàjẹ́. Ẹ wo ìparí orúkọ fáìlì yìí: APE. Ọ̀nà àtijọ́ kan nìyẹn tí wọ́n fi ń ká orin kéré kó má gba àyè púpọ̀, láìjẹ́ kí ohùn dínkù rárá. Fóònù yín ni ò mọ̀ ọ́n. Ta ló wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kejì yìí, tó sọ ọ́ ní MP3, irú orin tí gbogbo fóònù mọ̀?"

Olúlékè fọwọ́ họrí. "Èmi ni. Mo rò pé tí mo bá ti yí orúkọ, á kọrin."

"Háà, Dádì! Tí ẹ bá kọ 'kòkó' sára àpò gààrí, ṣé gààrí á di kòkó?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Tósìn fi ètò kọ̀ǹpútà tó mọ APE yí orin náà sí irú fáìlì mìíràn tí wọ́n ń pè ní FLAC. "Èyí náà kì í dín ohùn kù, ọ̀pọ̀ fóònù òde òní sì mọ̀ ọ́n."

Ló bá tẹ̀ ẹ́. Ohùn màmá jáde, ní èdè Ìdànrè pọ́ńbélé. Láàárín orin, màmá dánu dúró: "Àrìnkẹ́! O tún ti ń sùn nínú ìsìn!"

Àrìnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi gbà á. "Mi ò sùn o, màámi."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí fóònù bá kọ orin àtijọ́, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má kàn yí orúkọ rẹ̀, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má bomi wọ́n ọn. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó yí i padà nígbà tí ètò tó lè ṣí i ṣì wà. Ẹ má sọ fáìlì àkọ́kọ́ nù, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Fláàṣì wà lọ́jà, ẹ lè ra òmíràn, àmọ́ ohùn ìyá ò sí lọ́jà.