Ọkùnrin Tó Wà Lẹ́yìn Dígí

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo kọ́kọ́ rí i, níbi tí mo ti ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú.

Akọ̀wé ni mí, ọ́fíìsì wa sì wà ní àjà karùn-ún ilé gíga kan. Lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ lọ bẹ ọ̀gá mi kó fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rù ọ̀gá náà sì máa ń bà mí. Mo tètè dé ṣáájú gbogbo èèyàn, mo dúró síwájú fèrèsé, mo ń fi dígí kọ́ra. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Mo tún un sọ bí akíkanjú. Mo tẹ ọrùn, mo fọwọ́ sí ìbàdí, mo nawọ́ síwájú bí oníwàásù. Ìgbà tí mo wá wo iwájú dáadáa, ọkùnrin kan wà lẹ́yìn dígí náà. Orí pèpéle irin kan tí wọ́n fi okùn méjì so kọ́ láti òrùlé ló dúró sí, àkísà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ń wò mí bí olùkọ́ tó ń gbọ́ àkọ́sórí.

Ó mi orí. Ó fi ìka ṣàpèjúwe pé kí n tún un ṣe.

Ojú tì mí débi pé mo wọ abẹ́ tábìlì lọ, mo ń díbọ́n pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí mo jáde, ọkùnrin náà ti sọ̀kalẹ̀ sí àjà kẹrin, omi ọṣẹ ló kù lára dígí.

Nígbà tí a ṣíwọ́, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Ó ti wẹwọ́, ó ti pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó bi mí bóyá ọ̀gá gbà. Mo ní kò gbà.

"Mo ti mọ̀," ló wí. "Bí ẹ ṣe ń tẹ ọrùn yẹn, ẹni tó ti fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀ á yí ọkàn padà."

Ó yẹ kí n bínú. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn dé ibùdókọ̀ nìyẹn, nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Mò ń pè é ní Onífèrèsé, òun ń pè mí ní Akọ̀wé mi. Gbogbo ohun tó bá rí lẹ́yìn dígí ló ń kó wá fún mi. Ó sọ fún mi nípa máníjà kan tó máa ń ti ilẹ̀kùn, tó máa ń bọ́ bàtà, tó máa wá jó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, tó sì máa fajú ro kó tó ṣílẹ̀kùn padà. Ó sọ nípa obìnrin méjì tí wọn kì í kí ara wọn, síbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ nínú páálí bisikíìtì kan náà, tí ọ̀kan bá ti mú tiẹ̀ tán, á rọra tì í sí ẹnì kejì láìwò ó. Ó sọ nípa bàbá kan tó ti ń bomi rin òdòdó oníke láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní ó ṣe òun bíi kí òun kan dígí kí òun sọ fún un, àmọ́ òun rí bí ojú bàbá náà ṣe máa ń rọ̀ tó bá ń bomi rin ín, òun bá nu dígí tòun, òun sì kọjá.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì á yíjú sí wa. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín yẹn ni ìfẹ́ ti bá mi. Ó pé oṣù méje, ó ní òun fẹ́ fi mí ṣe aya. Mo gbà kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ìyá mi ló kù.

Aránṣọ ni ìyá mi. Akunlé ni bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi jábọ́ láti orí igi tí wọ́n tò sára ilé alájà mẹ́ta. Ọ̀dà funfun ló kún ara ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wá. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kì í gba kí ọmọ ẹ̀ kankan gun àga láti so kọ́tìnì.

Ó gba Onífèrèsé tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní ojú ẹ̀ mọ́, ó ní ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Lẹ́yìn náà ló bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Onífèrèsé kò purọ́. Ìyá mi bi í pé ilé tó ga jù tó ti nù, àjà mélòó ni.

"Méjìlélógún ni, Mà."

Ìyá mi gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ mi, ìwà ẹ dáa," ló wí. "Àmọ́ ọkọ kan ti já bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò ní bá ọmọ mi sin tiẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi tiẹ̀ kún un. Ó ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí okùn, á sá, pé okùn gan-an sì ni ọkọ tí mo fẹ́ fẹ́ yìí fi ń jẹun. Mo bẹ ìyá mi títí ohùn mi fi há. Ọ̀rọ̀ náà le, kò sì rọ̀.

Onífèrèsé fúnra ẹ̀ ló wá sọ pé òun á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó búra fún ìyá mi lójú gbogbo wa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó rí iṣẹ́ síbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn kan, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn onímọ́tò. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Inú gbogbo ilé dùn.

Èmi nìkan ni mo rí i pé ọkọ àfẹ́sọ́nà mi ń gbẹ. Tí mo bá bi í pé kí ló rí lónìí, á ní mọ́tò. Tí mo bá ní irú mọ́tò wo, á ní mọ́tò ṣáà ni. A ń rìn dé ibùdókọ̀, ariwo bàtà wa nìkan là ń gbọ́. Mo máa ń di ọwọ́ ẹ̀ mú, àmọ́ ó ń ṣe mí bíi pé ọwọ́ ẹni tó sùn ni.

Ìgbà tó yá, ara ẹ̀ tún yá. Ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi nípa ọkùnrin kan tó ń gbé abọ́ oúnjẹ lé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kó lè gbóná, tó wá ń tẹ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Inú mi dùn débi pé mi ò bi í bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe dé ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a ṣègbéyàwó. Ọ̀sán ọjọ́rú ni, atẹ́gùn ń fẹ́. Mo ń tẹ lẹ́tà lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan gbá dígí, tí gbogbo ọ́fíìsì sì dìde. Pèpéle irin ni. Okùn apá kan ti já, ó dagun, ó kọ́ síwájú fèrèsé wa. Ọkùnrin méjì ló wà lórí ẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ bàbá àgbà kan, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí ẹ̀, ó ti dákú. Ẹnì kejì fi apá kan gbá a mọ́ra, ó fi apá kejì rọ̀ mọ́ irin. Ó yíjú. Onífèrèsé mi ni.

Mi ò lè sọ bó ṣe rí. Inú bí mi, ẹ̀rù bà mí, nígbà kan náà. Dígí ọ́fíìsì wa kò ṣeé ṣí, ó sì nípọn. Mo lẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ ọn, mo ń pè é ní òpùrọ́, mo ń pè é ní olówó orí mi, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó má jọ̀wọ́ irin náà sílẹ̀. Kò gbọ́ ẹyọ kan. Àárín wa kò ju gígùn apá kan lọ. Àwọn kan fẹ́ fi àga fọ́ dígí, ọ̀gá mi ní kí wọ́n má ṣe é, pé àfọ́kù lè gé okùn tó kù. Wọ́n pe àwọn panápaná. Nísàlẹ̀, èèyàn ti pé jọ sójú títì, wọ́n kéré bí èèrà.

Ọ̀rẹ́ mi tó máa ń jókòó tì mí ti fi fóònù pe ìyá mi, kò sọ fún mi. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá mi kò jìnnà. Wọ́n ti dá lífítì dúró, ẹsẹ̀ tó máa ń dun ìyá mi yẹn náà ló fi gun àtẹ̀gùn dé àjà karùn-ún. Mo gbọ́ mímí rẹ̀ lẹ́yìn mi kí n tó rí i. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀.

Mo rò pé ó máa ṣubú lulẹ̀ ni. Ó gbá mi léjìká. "Nu ojú ẹ," ló wí. "Ẹni tó di okùn mú kò gbọdọ̀ rí ẹkún. Nu ojú ẹ kíákíá."

Ó bá súnmọ́ dígí. Ó wo Onífèrèsé, Onífèrèsé náà wò ó, ojú tì í, ó fẹ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá mi kan dígí kó lè wo òun. Ó fi ọwọ́ hàn án pé kó máa mí, kó fà á sínú, kó tú u síta. Ó ń ṣe é pẹ̀lú ẹ̀. Ìgbà tí atẹ́gùn tún mi pèpéle, tí mo rí i pé ìka ẹ̀ ń yọ̀, ìyá mi fa téèpù náà yọ lọ́rùn, ó nà án sójú dígí, ó ń wọn èjìká ẹ̀ láti inú, ó ń wọn gígùn apá, ó ń dijú bí aránṣọ tí oníbàárà ò jẹ́ kó ráyè. Ó fọwọ́ béèrè bóyá kí òun fi àyè díẹ̀ sí i níbi ikùn. Onífèrèsé rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí eyín ẹ̀ hàn. Ìka ẹ̀ tún dì mọ́ irin.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn fún ogójì ìṣẹ́jú. Ìyá mi na ọwọ́ kan sí mi lẹ́yìn ẹ̀, níbi tí ọmọkùnrin náà kò ti lè rí i. Mo dì í mú.

Bàbá àgbà ni àwọn panápaná kọ́kọ́ fà sókè. Bí wọ́n ṣe gbé e kúrò, pèpéle náà dojú dé, Onífèrèsé wá ń fì lórí bẹ́líìtì tó so ìbàdí ẹ̀ mọ́ okùn nìkan, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wá ibi tẹ̀ lára ògiri. Ìyá mi pe orúkọ bàbá mi lẹ́ẹ̀kan, wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ọmọ náà lọ sókè, mi ò rí nǹkan mìíràn mọ́ ju bàtà ẹ̀ lọ.

Ìsàlẹ̀ ni mo ti pàdé ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ti bó. Ó ní bàbá yẹn ló kọ́ òun níṣẹ́, pé ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe é ti lọ, kò sí ẹni tó máa bá a di okùn mú. Ó ní ilé mìíràn ni àwọn ti ń nù, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n rán àwọn wá sí tiwa. Ó ní kì í ṣe torí bàbá nìkan ni òun ṣe padà.

"Mo parọ́ fún ẹ, mi ò ní àwíjàre," ló wí. "Àmọ́ nídìí mọ́tò nísàlẹ̀ yẹn, mò ń kú díẹ̀díẹ̀ ni, ojú ẹ ni mo sì ń kú sí."

Mo bọ́ òrùka àdéhùn ọwọ́ mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo bá ìyá mi lọ sílé.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi wà láyé bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Oúnjẹ kò lọ. Bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ilé lẹ́ẹ̀mẹta. Tí mo bá dijú, mo ń rí ẹsẹ̀ tó ń wá ibi tẹ̀. Tí mo bá lajú, mo ń rí i pé ọjọ́ ìgbéyàwó wa ń bọ̀, mi ò sì ní ọkọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúpẹ́ pé mo tètè mọ̀. Onífèrèsé ń ránṣẹ́, mi ò dáhùn. Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì, kò ránṣẹ́ mọ́, ìyẹn ló wá burú jù.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ìyá mi ń yọ òwú lára aṣọ kan, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún mi rí.

Ó ní bàbá mi náà ti sọ̀kalẹ̀ rí. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́, òun sunkún, ó bá fi iṣẹ́ ọ̀dà sílẹ̀, ó lọ ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ọdún méjì. Ó ní ọkọ wà nílé, àmọ́ kò sọ̀rọ̀. Á jókòó, á máa wo ògiri. Nígbà tó yá, òun náà ló ní kó padà. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ló fi kunlé lẹ́yìn ìyẹn, orin ló máa ń kọ wọlé, kó tó jábọ́.

"Ọdún méjì yẹn àti ọdún kan yẹn, èwo ni kí n mú?" ló wí. "Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń bi ara mi. Mi ò mọ̀ ọ́n. Tìrẹ ni mo wá fẹ́ bá ẹ mú, ọmọ mi. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Lọ mú tìẹ fúnra ẹ."

Mi ò dúró pààrọ̀ aṣọ. Yàrá kan ṣoṣo ni Onífèrèsé ń gbé, òkè pátápátá. Ó ń fọ aṣọ nígbà tí mo wọlé, ó sì ti rù débi pé àánú ẹ̀ ṣe mí kí ìbínú mi tó rántí ara ẹ̀. Mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un pé tó bá fẹ́ gòkè, kó gòkè. Mo ní tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́, kó sọ̀kalẹ̀, ẹni yòówù tó bá ń pariwo torí dígí ẹ̀. Mo ní ẹ̀rù á máa bà mí títí ayé, kó má sọ fún mi pé kí ẹ̀rù má bà mí.

"Àmọ́ má tún parọ́ fún mi mọ́," mo wí. "Mo lè fẹ́ ọkùnrin tó lè jábọ́. Mi ò lè fẹ́ ẹni tí mi ò mọ ibi tó wà."

Ó fi ọwọ́ olómi ọṣẹ di ọwọ́ mi mú, ó sunkún. Èmi náà sunkún.

Ọjọ́ tí a dá náà la ṣe é, ní kọ́ọ̀tù, láìsí ariwo. Bàbá àgbà náà wá, báńdéèjì ṣì wà lórí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fajú ro, àmọ́ òun ló buwọ́ lùwé ẹlẹ́rìí. Aṣọ tí ìyá mi rán fún ọkọ mi bá a mu rẹ́gí.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ní ilé alájà mẹ́wàá láti nù. Mo bá a gun òkè òrùlé. Okùn tuntun ni wọ́n lò. Mo fi ọwọ́ ara mi fa gbogbo ìdí okùn náà wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá àgbà ń wò mí, kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi bọ́ sórí pèpéle. Ó wo ojú mi, ó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Mo ní ó ṣeun tó sọ fún mi.

Orí ẹ̀ ló kẹ́yìn láti wọ̀ lọ. Mo di irin etí òrùlé mú. Bàbá àgbà ní kí n máa lọ síbi iṣẹ́ mi, pé òun wà níbẹ̀, pé ọ̀gá mi á bínú. Mo ní kó bínú. Àjà mẹ́wàá ni, iṣẹ́ wákàtí méjì. Mo dúró síbẹ̀, mo sì ń wò ó títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi kan ilẹ̀.