Owó Àjọ tí Adélàjà Fi Wá Ìlọ́po Méjì

Ọ̀rẹ́ mi, bí ọ̀rọ̀ owó bá ti ń dààmú rẹ débi pé o kò mọ ẹni tí wàá sọ fún mọ́, jókòó, kí o gbọ́ ìtàn Adélàjà.

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìkòròdú ni Adélàjà ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2007 yẹn, owó oṣù kò jáde déédéé mọ́. Lánlọ́ọ̀dù ń kan ilẹ̀kùn, kò sì tíì rí owó ilé ìwé àwọn ọmọ san. Gbogbo rẹ̀ sú u. Ta ni kò ní sú?

Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ń dá àjọ. Adélàjà ni wọ́n ní kó máa tọ́jú owó náà, nítorí pé òun ló máa ń gbàdúrà fún wọn nínú bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ láràárọ̀. Ó mọ àdúrà gbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Jésù tó ń fi orúkọ rẹ̀ gbàdúrà, kò tíì mọ̀ ọ́n.

Lóṣù yẹn, Fàlílátù, ọ̀kan nínú wọn, ló kàn láti kó àjọ. Iṣẹ́ abẹ ojú ìyá rẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe. Àkókò náà gan-an ni Adélàjà gbọ́ nípa àwọn kan tí wọ́n gba ọ́fíìsì sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ní àwọn ń sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Halelúyà ni wọ́n fi ń ṣí ìpàdé. Ẹni tó bá bèèrè irú òwò tí wọ́n ń ṣe, aláìnígbàgbọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́ o! Adélàjà kó owó àjọ náà lọ fún wọn, wọ́n gbọ́wọ́ lé e, wọ́n gbàdúrà sí i, ọkàn Adélàjà sì balẹ̀. Ó parọ́ fún Fàlílátù pé báńkì ló dá owó dúró.

Nígbà tí oṣù pé, ó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe dúró síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn pè é lórí fóònù.

"Bùrọ̀dá, owó yín ò sọnù. Ẹ ṣáà san owó ìtúsílẹ̀, á jáde lọ́la."

Wọ́n ní ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Adélàjà kò sá. Ọ̀dọ̀ Oríyọmí, àgbà òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ wọn tó ń gbé ní àdúgbò Lasunwon, ló gbà lọ láti yá owó sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Ìyanu mi kù díẹ̀ kó jáde."

Oríyọmí bi í pé, "Owó ta ni o kó fún wọn?"

Adélàjà bẹ̀rẹ̀ àlàyé: owó oṣù, lánlọ́ọ̀dù, ìjọba, èṣù.

"Mo ti gbọ́. Owó ta ni?"

"Owó àjọ ni, sà."

"Olè nìyẹn. Jésù kú fún olè, Làjà. Kò kú fún àlàyé. Pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lórúkọ tó ń jẹ́, kí o tó lè rí àánú gbà. Má sì fún àwọn gbájúẹ̀ yẹn ní kọ́bọ̀ mọ́."

Inú bí Adélàjà. Ó dìde pé òun ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "olè" yẹn dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí. "Jésù, olè ni mí. Ṣàánú mi." Ó bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ jẹ́wọ́ fún Fàlílátù. Fàlílátù gbá a létí.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàdúrà lé wa lórí! Kí ni kí n wí fún ìyá mi?"

Adélàjà kò ṣàlàyé. Ó ta tẹlifíṣọ̀n, ó ta jẹnẹrétọ̀, ó kó owó rẹ̀ fún un, kò sì pé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń san ìyókù. Lánlọ́ọ̀dù kò yé kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n Adélàjà ti ní irú àlàáfíà tí kò tíì ní rí, nítorí pé Ọlọ́run ti dárí jì í.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Mi ò ní ṣèlérí fún ọ pé owó yóò wọlé lọ́la. Àwọn tó ń ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù nílùú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Jésù ti san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o jẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Ó lè má dárí jì ọ́. Lọ bẹ́ẹ̀ náà, kí o sì lọ lónìí.